Òdòdó Tó Fẹ̀gbẹ́ Lélẹ̀

Ọmọ náà ní òun ò ní fọwọ́ kan kánfáàsì mi. Mo ti fún un ní búrọ́ọ̀ṣì, mo ti bu ọ̀dà pupa àti funfun sórí ìdérí ike kan, mo ti gbé kánfáàsì tuntun dúró níwájú ilé wa, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń tàn dáadáa. Ó wá káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́jọ́. Sùúrù mi ò pọ̀ látilẹ̀, mo bi í bóyá èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Ó ní, "Rárá, Dádì. Ẹ má bínú. Irú aṣọ tí wọ́n fi wé mọ́mì mi nìyí."

Òótọ́ ló sọ. Èmi fúnra mi ni mo máa ń ṣe kánfáàsì mi. Màá ra aṣọ funfun lásán ní ọjà Aswani, màá nà án mọ́ igi, màá kan ìṣó mọ́ ọn, màá wá fi ọ̀dà funfun pa á lára kó lè le. Aṣọ kan náà làwọn Mùsùlùmí fi ń sin òkú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yàwòrán sórí rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo ronú ibòmíràn tó ń lọ. Mo gbé kánfáàsì náà wọlé, mo po ọ̀dà tó pọ́n bí ilẹ̀, mo fi kùn ún látòkè délẹ̀ títí funfun kankan ò fi hàn mọ́. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ọmọbìnrin alájọgbé wa ni. Òun àti bàbá rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi àti ìyàwó mi wà nísàlẹ̀, nínú ilé kan ní Ìsọlọ̀ tí kò jìnnà sí Aswani níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ. Ará ìhà Ọ̀yọ́ ni wọ́n, wọ́n bá òwò aṣọ nínú ìdílé ni. Lẹ́yìn Iléyá ni àìsàn kọlu ìyá rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ náà nígbà yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú, bó bá ti ti ilé ìwé dé, á kírun, á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa wo ògiri. Bí o bá kí i, á dáhùn. Bí o bá fún un lóúnjẹ, á jẹ díẹ̀, á dúpẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù. Bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un ní nǹkan ṣe. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya òdòdó. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Tó bá jẹ́ ti òdòdó ni, wọn ò purọ́ mọ́ mi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ aṣọ kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìsọlọ̀ gbà mí síṣẹ́, yàrá àwọn tó ń ya bátànì ni mo sì wà títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Òdòdó ni mo ń yà látàárọ̀ dalẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó hù rí nínú ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ tó ń ka èyí ti fi ọ̀kan nínú wọn rán bùbá. Ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ni ilé iṣẹ́ náà dà báyìí, tírélà ló dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èmi ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù, mo sì ń yàwòrán fún ẹni tó bá fẹ́.

Kí ọmọ náà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, mo ti lọ já òdòdó pupa kan lára ọgbà ilé kan ní àdúgbò Ire-Akari. Onílé ò rí mi. Mo fi òdòdó náà sínú ìgò omi, mo gbé e sórí àpótí níwájú kánfáàsì, inú mi ń dùn sí ara mi. Ọmọ náà wò ó dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Ó ní, "Ó rẹwà, Dádì. Àmọ́ èyí kọ́ ni mo fẹ́ yà."

"Èwo lo wá fẹ́?"

"Ti ara ìró mọ́mì mi ni."

Bó ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi nìyí. Ìró kan wà tí ìyá rẹ̀ máa ń ró nínú ilé, àǹkárá tó ti gbó, tó ní òdòdó lára. Kì í wọ̀ ọ́ jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí kó gbogbo aṣọ olóògbé síta, wọ́n pín in ní sàráà fún àwọn àna rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó wá láti ilé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kó lè jẹ́ ẹ̀san fún un lọ́run. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ léèrè pé èwo ló fẹ́. Òun náà ò sì mọ̀ pé òun fẹ́ nǹkan kan. Ìgbà tí gbogbo wọn ti lọ tán ló wá ń wá ìró yẹn kiri yàrá. Bàbá rẹ̀ ò mọ ẹni tó bọ́ sí lọ́wọ́, kò sì lè wádìí, nítorí a kì í bèèrè sàráà padà. Mo ní kí ló dé tí wọn ò wò ó nínú fọ́tò. Ó ní fọ́tò ìyá òun pọ̀ lórí fóònù, aṣọ òde ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ta ló máa ń ya ìró ilé ní fọ́tò?

Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ń lọ, Dádì."

"Kí ló ń lọ?"

"Òdòdó yẹn. Lánàá mo fẹ́ rántí àwọ̀ àárín rẹ̀. Mi ò rántí mọ́."

Ó dùn mí dé egungun. Ìyá tèmi ti kú tipẹ́, ìró ilé rẹ̀ kan ṣoṣo ò sì sí lójú mi mọ́, èmi tí mo fi aṣọ ṣiṣẹ́ ṣe. Mo da omi inú ìgò nù, mo ní kó jókòó.

Ìbéèrè ilé iṣẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Báwo ni ilẹ̀ aṣọ náà, ibi tí kò sí òdòdó, ṣe rí? Ó pọ́n bí ilẹ̀, bí èyí tí mo ti kùn gan-an. Òdòdó ńkọ́? Pupa. Igi rẹ̀? Àwọ̀ ewé. Ṣé wọ́n fi dúdú yí i ká? Ó ronú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ dúdú náà ti ń ṣí. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú: a kì í dì í mú bíi báírò, ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún la ń dì mú, kí ojú lè rí ohun tí orí rẹ̀ ń ṣe. Mo kọ́ ọ pé ohun tó wà lẹ́yìn la kọ́kọ́ ń kùn, ohun tó wà níwájú la fi ń kẹ́yìn, àti pé ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, a kì í gun òmíràn lé e. Ó yára mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju tèmi lọ, mi ò sì sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ la kọ́kọ́ fi jà. Pupa tó ń pò ò jọ pupa kankan tí mo mọ̀. Á bu pupa, á da funfun sí i, á tún fi dúdú bíńtín kún un, títí tí gbogbo rẹ̀ á fi rí bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Mo ní, "Ilé iṣẹ́ wo ló máa tẹ irú eléyìí sára aṣọ? Wọ́n á lé mi lọ lọ́jọ́ náà gan-an."

Ó ní, "Nígbà tí wọ́n rà á, á pupa dáadáa, Dádì. Ìgbà yẹn, wọn ò tíì bí mi."

Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì wọ̀ mí lára. Mo ní, "Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà àgbà lo wá ní kí n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń yà." Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ò tíì rí eyín rẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Mo gbà fún un lórí pupa yẹn.

Ìjà kejì ni kò tán bọ̀rọ̀. Ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ òdòdó náà lélẹ̀. Igi rẹ̀ ò dúró, ó na gbọọrọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kánfáàsì. Ewé òdòdó kan fẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, etí rẹ̀ ò mọ́, bí ìgbà tí wọ́n ra ọ̀dà mọ́ ara ògiri. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ò sí rárá, ibẹ̀ kàn pòórá sínú àwọ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ aṣọ náà gan-an ò tẹ́jú, ó yọ gọ́ńgọ́ láàárín, ó sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Gbogbo òdòdó tí mo yà nílé iṣẹ́, ewé wọn dọ́gba, orí wọn wà lókè. Mo ní kó gbé e dúró. Ó ní bó ṣe rí nìyẹn. Mo yí kánfáàsì náà kí orí òdòdó lè lọ sókè, ó rọra yí i padà. Lọ́jọ́ kejì mo tún yí i, ó tún yí i padà.

Lọ́jọ́ kan, inú bí mi. Mo ní, "Ta ló ń kọ́ ta níbí yìí? Ìyá rẹ ń rìn kiri pẹ̀lú òdòdó tó dùbúlẹ̀ ni?"

Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì di igi kánfáàsì náà mú kí n má bàa yí i. Mo jáde lọ sí ojú títì, mo dúró níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń fọn fèrè lé ara wọn lórí, mo padà wá.

Bàbá rẹ̀ bá wa níbẹ̀ nígbà tó ń ti ọjà bọ̀. Ó bọ́ fìlà, ó wo àwòrán náà títí. Mo ní, "Alhájì, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé bí òdòdó yẹn ṣe rí nìyí?" Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó tún un wò. Ẹni tó jẹ́ pé bó bá fọwọ́ kan aṣọ lásán, á sọ ibi tó ti wá àti ọdún tó jáde. Níkẹyìn ó ní, "Mo mọ̀ pé ó ní òdòdó." Ó dé fìlà padà, ó gun òkè lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń falẹ̀. Ojú tì í, èmi náà sì káàánú rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá bi mí nípa ìró tí ìyàwó mi ró láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ohun tí màá sọ náà nìyẹn.

Ìyàwó mi yìí ló tú u. Ó jáde pẹ̀lú àwo ẹ̀wà tó ń ṣà, ó fẹ́ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó kọjá lẹ́yìn ọmọ náà, ó dúró, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo àwòrán náà.

Ó ní, "Ta ló ń dirun fún un?"

Mo ní, "Irun wo? Ta ló pè ẹ́ sí ọ̀rọ̀ irun?"

Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Dádì, ẹ wò ó dáadáa. Orí itan ni ojú ẹni tó ń wo òdòdó yẹn wà. Wọ́n gbé orí rẹ̀ lé itan, wọ́n ń dirun fún un, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lára ìró. Ibi tó fẹ̀ yẹn ló sún mọ́ ojú rẹ̀ jù. Ibi tí kò sí yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló bò ó. Ṣé ẹ ò rí irú rẹ̀ rí ni?"

Mi ò rí i rí. Ọkùnrin ni mí. Abẹ onígbàjámọ̀ ni orí tèmi máa ń bá pàdé, lórí àpótí, pẹ̀lú ọrùn tó le gbọin. Mo bí ọmọbìnrin, mo sì ti kọjá lára òun àti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dirun láìmọye ìgbà, mi ò dúró bi ara mi pé kí ni ọmọ tó dojú sí itan ń wò ní gbogbo àkókò yẹn. Mo tún àwòrán náà wò. Gọ́ńgọ́ tó yọ láàárín yẹn, itan ìyá rẹ̀ ni. Òdòdó náà ò dùbúlẹ̀ rárá. Ọmọ ló dùbúlẹ̀.

Ọmọ náà ò yíjú sí wa. Ó ní, "Sátidé ni. Sátidé la máa ń ṣe é." Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ẹnìkan ní oríta ló ń bá a dirun, lórí àga, pẹ̀lú orí tó wà lókè. Èmi kàn ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn mi ò yí kánfáàsì náà mọ́. Mo kọ́ ọ ní ohun tó nílò gan-an: bí ohun tó sún mọ́ ojú ṣe máa ń rí bàìbàì, bí òjìji ṣe ń wọ inú ibi tí aṣọ ti kákò, bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ pa dúdú lára kó lè dà bí èyí tó ti ṣí. Ó ń dára sí i lójoojúmọ́. Mi ò lè ya irú rẹ̀. Àárín òdòdó náà nìkan ló ṣẹ́kù, ibi kékeré kan tí àwọ̀ ilẹ̀ ṣì wà. Mo ní kó fi àwọ̀ ìyeyè sí i, ìyeyè ló máa ń wà níbẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní, "Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ọn." Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jókòó síwájú àlàfo yẹn, á gbé búrọ́ọ̀ṣì, á tún gbé e sílẹ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn tí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin fi ti ilé, níhà Ọ̀yọ́, dé. Òun náà ń ta aṣọ lọ́hùn-ún, ó wá kó ọjà ní Aswani, ọ̀dọ̀ wọn ló sì sùn sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà ti wà níwájú kánfáàsì, ìyàwó mi ń gbálẹ̀, èmi ń to ọ̀dà. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu, ó ró ìró kan mọ́ àyà.

Kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún mi kí n tó dá ìró náà mọ̀. Ilẹ̀ tó pọ́n bí ilẹ̀. Pupa tí ibà ń ṣe.

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ kí àǹtí rẹ̀, kò sì dìde mọ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lára aṣọ náà. Obìnrin náà ń wo gbogbo wa. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí nǹkan o?" Ìyàwó mi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún un. Lójú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ibi tó so ìró náà.

"Yéè! Mi ò mọ̀ o, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n mú, mo sì mú. Jẹ́ kí n lọ bọ́ ọ wá fún ẹ."

Ọmọ náà mi orí. "Rárá, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó."

Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé orí lé e nítan.

"Òdòdó yẹn ò sí níbí."

Àǹtí rẹ̀ gbé ara sókè díẹ̀, ó yí ìró náà. "Ibí ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀, Àǹtí."

Ó tún yí i. Bàbá ọmọ náà ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, ó dúró lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, kò sún síwájú. Láti ibi tí mo wà, mo rí i tí òdòdó ń kọjá lábẹ́ ojú ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi na ọwọ́, tó di aṣọ náà mú kó má yí mọ́.

Mo rí àárín rẹ̀. Ìyeyè kọ́. Bulúù ni, bulúù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Mo sáré bu bulúù, mo fi funfun sí i, mo ń pò ó. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, mo dì í mú dè é. Mo rò pé á fò dìde. Iṣẹ́ tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ ni, gbogbo rẹ̀ á sì pé.

Ó wà níbẹ̀, kò mira. Àǹtí rẹ̀ tẹ̀ sí i. "Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni, Àǹtí. Òdòdó yẹn ni. Itan yẹn kọ́."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí ògiri. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ẹkún gidi, irú èyí tí a ti ń retí látọjọ́ ìsìnkú, ó sì sun ún lójú gbogbo wa. Kò bèèrè bulúù yẹn lọ́jọ́ náà, kò sì tíì bèèrè rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kò gbé orí rẹ̀ kúrò lórí itan náà. Àǹtí rẹ̀ ò mọ ohun tí òun lè ṣe sí i. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ju pákò nù, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun ọmọ náà.